Paul Otlet

Paul Marie Ghislain Otlet (ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1868 – ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1944) jẹ́ agbẹjọ́rò, òǹkọ̀wé, olùṣètò ìmọ̀ àti alágbàwí àlàáfíà láti orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Henri La Fontaine, ni wọ́n dá àjọ àgbáyé fún àkójọ àkọlé ìwé sílẹ̀ ní ìlú Brussels ní ọdún 1895, àwọn náà ni wọ́n sì ṣe Ètò Ìsọ̀rí Onídámẹ́wàá Àgbáyé tí a mọ̀ sí UDC. Káàdì tí wọ́n kó jọ lé ní mílíọ̀nù 15. Ète wọn ni pé kí ẹni tí ó bá ń wá ìmọ̀ lórí ohun kan lè rí gbogbo ohun tí a ti kọ nípa rẹ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ rí ọ̀nà dé orí àwọn ohun mìíràn tí ó bá a tan. Nítorí iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe ń ka Otlet mọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ ronú kan ìjápọ̀ tí ó ń so ojú-ìwé kan mọ́ òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú kí kọ̀ǹpútà tó wọ ọ́fíìsì àti ilé àwọn ènìyàn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀

Ìlú Brussels ni wọ́n bí Otlet sí. Bàbá rẹ̀, Édouard Otlet, jẹ́ oníṣòwò tí ó di ọlọ́rọ̀ nípa títa tráàmù, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin ìgboro, fún àwọn ìlú káàkiri ayé. Ìyá rẹ̀, Maria Van Mons, kú ní ọdún 1871, nígbà tí Paul kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Bàbá rẹ̀ gbà pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ a máa pa làákàyè àbínibí ọmọdé, nítorí náà ó gba olùkọ́ fún un nílé títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nítorí èyí, ọmọ náà kò ní ẹgbẹ́ púpọ̀ láti bá ṣeré; ìwé ni ó sún mọ́ jù. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Jésúìtì ní Paris àti ní Brussels. Ní ọdún 1882, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ìwé pẹlẹbẹ tí ó kọ nípa erékùṣù Levant, tí ó wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ti jáde ní títẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ni ó ni erékùṣù náà nígbà yẹn.

Otlet kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kátólíìkì ti Leuven àti ní Yunifásítì Brussels, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ òfin ní ọdún 1890. Ní ọdún kan náà ni ó fẹ́ Fernande Gloner, ẹni tí ó bí ọmọkùnrin méjì, Marcel àti Jean, fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Edmond Picard, gbajúgbajà agbẹjọ́rò tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi hàn gbangba pé ọkàn rẹ̀ kò sí nínú rírojọ́ ní kóòtù.

Ìṣòro tí ó fẹ́ yanjú

Ní ọ́fíìsì Picard, Otlet bá iṣẹ́ kan pàdé tí ó wù ú ju ẹjọ́ lọ. Picard ń darí àkójọpọ̀ ńlá kan lórí òfin ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, Pandectes belges, Otlet sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ènìyàn pé òfin kan kì í dá dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ lóye rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìdájọ́ tí ó tẹ̀ lé e, òfin tí ó yí i padà, àti àwọn ìwé tí ó túmọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1892, Otlet gbé àròkọ kan jáde tí ó pè ní Un peu de bibliographie. Èrò inú rẹ̀ ni pé òkodoro ọ̀rọ̀ inú ìwé ni ó ṣe pàtàkì, kì í ṣe bí òǹkọ̀wé ṣe tò ó tàbí bí wọ́n ṣe dì í. Ó dábàá pé kí a yọ òkodoro náà jáde nínú ìwé, kí a pín in sí mẹ́rin, ìyẹn ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìtumọ̀ tí a fún un, ìṣirò tí ó bá a lọ, àti orísun tí a ti rí i. Kí a wá kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí káàdì tirẹ̀, kí a lè tò ó, kí a tún un tò, kí a sì so ó mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìṣòro tí ó rí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ibì kan ṣoṣo ni ìwé kan lè jókòó sí lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè kan ibi púpọ̀. Bí àpẹẹrẹ, ìwé kan nípa ibà ní Kóńgò kan ìmọ̀ ìṣègùn, ó kan ìmọ̀ nípa kòkòrò, ó kan ojú ọjọ́, ó sì kan ìtàn ìjọba amúnisìn. Bí wọ́n bá tò ó sí abẹ́ ìṣègùn, ẹni tí ń wá ìtàn lè kú sí iwájú pẹpẹ ìtàn láìrí i. Ìwé náà wà, òǹkàwé náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀ ni kò sí.

Àjọ ìlú Brussels àti àwọn káàdì

Ní àárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni Otlet pàdé Henri La Fontaine, agbẹjọ́rò tí ó fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ, tí ó sì ti ń ṣe àkójọ àkọlé ìwé lórí ìmọ̀ àwùjọ. Àwọn méjèèjì di alábàáṣiṣẹ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895, wọ́n pe àpérò àgbáyé kan sí Brussels, láti inú èyí tí àjọ wọn ti jáde pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni Répertoire Bibliographique Universel, àkójọ káàdì tí yóò ní àkọlé gbogbo ìwé àti àròkọ tí a ti tẹ̀ jáde láyé nínú.

Ní ìparí ọdún 1895 nìkan, káàdì tí ó wà nílẹ̀ ti tó 400,000. Àwọn òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, ń fi ọwọ́ kọ wọ́n, wọ́n sì ń tò wọ́n sínú àwọn àpótí kéékèèké tí a ń fà yọ, tí a tò gègèrè láti ilẹ̀ dé òkè ògiri. Léonie La Fontaine, àbúrò Henri, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí àkójọ náà. Ní ọdún 1909, òun fúnra rẹ̀ dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún kíkó ìwé tí ó jẹ mọ́ àwọn obìnrin jọ.

Láti ọdún 1896, ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà sí Brussels, kí ó san owó díẹ̀, kí wọ́n sì bá a wá àwọn káàdì tí ó jẹ mọ́ ìbéèrè rẹ̀, kí wọ́n dà wọ́n kọ, kí wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ní ọdún 1912, ìbéèrè tí ń wọlé lọ́dún ti ju 1,500 lọ. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbòòrò dé ipò tí ó ga jù, ní àárín àwọn ọdún 1930, káàdì ibẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 15.

Nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí èdè

Bí káàdì bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, títò wọ́n ni iṣẹ́. Otlet àti La Fontaine rí ohun tí wọ́n ń wá nínú ètò tí Melvil Dewey, olùtọ́jú ilé-ìkàwé ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1876. Dewey pín gbogbo ìmọ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́wàá, ó tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń lọ. Ohun tí ó fa Otlet mọ́ra ni pé nọ́ńbà kò ní orílẹ̀-èdè. Ará Faransé, ará Jámánì àti ará Rọ́ṣíà lè ka nọ́ńbà kan náà, kí olúkúlùkù sì pè é ní èdè tirẹ̀. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ Dewey láti lo ètò náà àti láti túbọ̀ mú un gbòòrò.

Ohun tí wọ́n fi kún un ni ó sọ ètò náà di ohun mìíràn. Nọ́ńbà Dewey ń sọ ibi tí ìwé yóò jókòó sí. Otlet àti La Fontaine fi àwọn àmì sí àárín nọ́ńbà, kí wọ́n lè sọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe bá òmíràn tan. Nínú ètò wọn, 17 dúró fún ìmọ̀ ìwà, 7 sì dúró fún iṣẹ́ ọnà. Bí a bá fi àmì olójú méjì sí àárín wọn, tí ó di 17:7, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìwà ní ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà. Àmì àròpọ̀ ń so ohun méjì tí ìwé kan jùmọ̀ sọ nípa wọn. Àkámọ́ ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀: nígbà tí 37 jẹ́ ẹ̀kọ́, tí (6) sì jẹ́ Áfríkà, 37(6) di ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfríkà. Àmì mìíràn wà fún àkókò, òmíràn sì wà fún èdè tí a fi kọ ìwé náà.

Báyìí ni nọ́ńbà ṣe ní ohun tí ó jọ gírámà. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn ṣe ń gba ìtumọ̀ rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni káàdì kọ̀ọ̀kan ń fi hàn, láti inú àmì tí ó wà lórí rẹ̀, àwọn káàdì mìíràn tí ó yẹ kí òǹkàwé lọ wò. Èdè Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ fi tẹ ètò náà jáde lódindi láàárín ọdún 1904 sí 1907.

Mundaneum àti ìlépa àlàáfíà

Ní ojú Otlet, ìmọ̀ àti àlàáfíà kò ṣeé pín níyà. Ó gbà pé bí àwọn orílẹ̀-èdè bá ń rí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn mọ̀, ìdí tí wọn yóò fi máa bá ara wọn jà yóò dínkù. Ní ọdún 1907, òun àti La Fontaine dá ọ́fíìsì àárín gbùngbùn kan sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó kárí orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ọ́fíìsì yìí di Ìṣọ̀kan Àwọn Ẹgbẹ́ Àgbáyé ní ọdún 1910, ó sì wà ní Brussels títí di òní. La Fontaine gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní ọdún 1913.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun Jámánì sì wọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m. Jean, ọmọ Otlet, kú lójú ogun Yser ní ọdún 1914. Otlet lo ọ̀pọ̀ àkókò ogun náà ní ilẹ̀ Faransé àti Swítsàlandì, níbi tí ó ti ń kọ̀wé lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lè dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa parí ìjà wọn.

Lẹ́yìn ogun, ìjọba fún wọn ní ọ̀pọ̀ yàrá nínú ààfin Cinquantenaire ní Brussels. Ibẹ̀ ni Palais Mondial ti ṣí ní ọdún 1920, èyí tí Otlet sọ ní Mundaneum lẹ́yìn náà. Káàdì, ilé-ìkàwé, mùsíọ́mù àti gbọ̀ngàn ìpàdé jọ wà ní abẹ́ òrùlé kan. Otlet fẹ́ kí ó di àárín ìlú ńlá kan tí yóò jẹ́ ti gbogbo ayé. Ní ọdún 1928, ayàwòrán ilé Le Corbusier bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán irú ibẹ̀ fún un, kí wọ́n lè kọ́ ọ sí Geneva, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ.

Otlet àti ilẹ̀ Áfríkà

Àjọṣe Otlet pẹ̀lú Áfríkà ní ojú méjì. Ní ọdún 1888, nígbà tí Kóńgò wà ní ìkáwọ́ Ọba Leopold Kejì, Otlet, tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ L'Afrique aux noirs. Ó dábàá níbẹ̀ pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà padà sí Kóńgò, kí wọ́n mú ọ̀làjú dé ibẹ̀. Èrò náà ka àwọn ará Áfríkà sí ẹni tí kò ní ọ̀làjú tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù ṣe gbà ní ìgbà náà. Ní ọdún 1921, Palais Mondial kan náà ni ó gba àlejò ìjókòó Brussels ti Àpérò Gbogbo Ọmọ Áfríkà Ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí W. E. B. Du Bois ṣètò. Otlet àti La Fontaine ṣe àtìlẹ́yìn fún un, ní àkókò tí àwọn ìwé ìròyìn kan ní Bẹ́ljíọ̀m ń wo ìpàdé náà bí ewu fún ìjọba wọn ní Kóńgò.

Irú ojú méjì bẹ́ẹ̀ wà nínú ètò ìsọ̀rí náà pẹ̀lú. Láti ọ̀dọ̀ Dewey ni ó ti jogún ìsọ̀rí 2, ti ẹ̀sìn, níbi tí ẹ̀sìn Krístì ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ńbà. Gbogbo ẹ̀sìn yòókù láyé, títí kan ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfríkà, ni wọ́n há mọ́ abẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, 29. Ẹni tí ó bá to ìmọ̀ ni ó ń pinnu ohun tí yóò sún mọ́ ara wọn àti ohun tí yóò jìnnà, kódà nígbà tí ó gbà pé ti gbogbo ayé ni òun ń ṣe. Ọdún 2000 ni àwọn alábòójútó UDC tó tún ìsọ̀rí náà ṣe, kí ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan lè ní ààyè tirẹ̀.

Tábìlì tí kò ní ìwé

Otlet mọ̀ pé káàdì ní ìwọ̀n ohun tí ó lè ṣe. Ní ọdún 1906, òun àti Robert Goldschmidt ti dábàá kí a máa ya ojú-ìwé ní àwòrán kéékèèké sórí fíìmù, kí ilé-ìkàwé kan lè wọ inú àpótí kékeré. Ní ọdún 1934, ó tẹ ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù jáde, Traité de documentation. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàpèjúwe tábìlì kan tí kò ní ìwé lórí, bí kò ṣe ojú gíláàsì tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ àti tẹlifóònù. Àwọn ìwé wà ní ilé ńlá kan lọ́nà jíjìn. Òǹkàwé yóò béèrè, ojú-ìwé tí ó ní ìdáhùn yóò sì hàn níwájú rẹ̀. Bí ìwé tí ó fẹ́ bá ju ẹyọ kan lọ, ojú gíláàsì náà lè pín sí ọ̀nà púpọ̀ kí ó lè wò wọ́n pọ̀. Ó fọkàn sí rédíò, fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n pé wọn yóò di ara ohun èlò ìmọ̀ bí ìwé ti jẹ́, àti pé gbogbo wọn yóò so mọ́ ara wọn bí àwọ̀n.

Ìṣubú Mundaneum àti ikú rẹ̀

Ìjọba Bẹ́ljíọ̀m ti bẹ̀rẹ̀ sí sú lọ sẹ́yìn. Ní ọdún 1924, wọ́n kó àwọn ohun inú Palais Mondial kúrò fún ìgbà díẹ̀ láti fi ààyè sílẹ̀ fún ìpàtẹ ọjà rọ́bà. Ní ọdún 1934, ọdún tí ìwé ńlá Otlet jáde gan-an, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ó ń bá iṣẹ́ lọ láti ilé rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọ́n gba ohun tí ó ń ṣe gbọ́.

Nígbà tí ìjọba Nazi ti Jámánì gba Brussels ní ọdún 1940, wọ́n fẹ́ lo ààyè náà fún ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà wọn. Ìwé àti ìwé ìròyìn tí wọ́n bàjẹ́ níbẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 63. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n kó lọ sí ilé àtijọ́ kan ní ọgbà Léopold. La Fontaine kú ní ọdún 1943. Otlet kú ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1944, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdásílẹ̀ Brussels, nígbà tí àwọn tí ó rántí orúkọ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Ní ọdún 1945, Vannevar Bush gbé àròkọ kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa ẹ̀rọ tí yóò máa so ìwé pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkàn ènìyàn ti ń so èrò pọ̀. Ní ọdún 1965, Ted Nelson sọ irú ìkọ̀wé oníjàápọ̀ bẹ́ẹ̀ lórúkọ, ó pè é ní hypertext. Ní ọdún 1989, Tim Berners-Lee dábàá wẹ́ẹ̀bù àgbáyé ní CERN, lẹ́bàá Geneva, ìlú tí Otlet ti fẹ́ kọ́ Mundaneum rẹ̀ sí. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín iṣẹ́ Otlet àti wẹ́ẹ̀bù. Ìjápọ̀ wẹ́ẹ̀bù lásán ń sọ pé ojú-ìwé kan tọ́ka sí èkejì, kì í sọ ìdí rẹ̀. Àmì Otlet ń sọ irú ìbátan tí ó wà láàárín wọn. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lónìí kí kọ̀ǹpútà lè mọ ìtumọ̀ ìjápọ̀ ń padà sí ìbéèrè tí ó ti béèrè.

Ní ọdún 1968, Boyd Rayward, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Ọsirélíà, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, lọ sí ọgbà Léopold, ó sì bá àwọn ìwé Otlet nínú eruku àti okùn aláǹtakùn. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé tí ó kọ, tí ó jáde ní ọdún 1975, ni ó dá orúkọ Otlet padà. Ohun tí ó ṣẹ́kù nínú Mundaneum wà ní ìlú Mons báyìí, níbi tí mùsíọ́mù rẹ̀ ti ṣí ní ọdún 1998. Ní ọdún 2013, UNESCO fi àkójọ káàdì náà sínú ìwé Ìrántí Àgbáyé. UDC wà ní lílò ní àwọn ilé-ìkàwé ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 100.

Káàdì Otlet kò parẹ́ nítorí pé èrò inú wọn kùnà. Ìwé tí ó bàjẹ́ ní ọdún 1940 bàjẹ́ nítorí pé kò sí alágbàtọ́ mọ́, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì wà di òní nítorí pé ẹnì kan lọ ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀.